Iná ẹ́ńjìnì tàn, wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ló kú, wọ́n tún ní wáráńtì ò kàn án

Ìbéèrè láti Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí. Tuntun ni mo ra ọkọ̀ mi. Ìwé wáráńtì rẹ̀ sọ pé ọdún mẹ́ta tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kò tíì pé ọdún méjì, 31,000 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n bí mo bá dúró nínú gósílóò. Mo gbé e padà síbi tí mo ti rà á. Wọ́n fi skánà sí i, wọ́n ní P0171 ló gbé jáde, pé sẹ́ńsọ̀ oxygen méjèèjì ti kú, pé epo burúkú ló pa wọ́n, nítorí náà wáráńtì ò kàn án. Owó àyẹ̀wò jẹ́ ₦45,000. Sẹ́ńsọ̀ méjì pẹ̀lú owó iṣẹ́ jẹ́ ₦760,000. Mo san ti àyẹ̀wò nítorí wọ́n ní ọkọ̀ ò ní jáde bí mi ò bá san án, mo sì gbé ọkọ̀ mi kúrò. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n mú ₦60,000 wá, pé òun á lọ ra bẹ́líjíọ̀mù (àlòkù láti òkè òkun) ní ọjà Ararọ̀mí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ìdáhùn

Àǹtí, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ má ra sẹ́ńsọ̀, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe bẹ́líjíọ̀mù.

Ohun tí P0171 ń sọ ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnì ń jó. Ẹ́ńjìnì tó ń lo pẹtiróòlù ń fẹ́ ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 sí ìwọ̀n epo 1. Sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lára sàlẹ́ǹsà, níwájú kátálísì (ohun tó ń fọ èéfín kó tó jáde), ló ń tọ́ èéfín wò, tó ń wí fún brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) bóyá epo kéré tàbí ó pọ̀ jù. Tó bá ní ó kéré, brain box á fi kún un. Bó bá fi kún un títí tó fi tó nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí sẹ́ńsọ̀ ṣì ń pariwo pé kò tó, ìgbà yẹn ni iná máa tàn, tí P0171 á wọlé.

Ṣé ẹ rí i? Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n wá fẹ́ ti olùfẹjọ́sùn mọ́lé. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kú, kóòdù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ohun tó ń mú un gbóná bá jó, P0135 ni. Bó bá ń lọ́ra láti dáhùn, P0133 ni. Bí fóòtì rẹ̀ (agbára iná tó ń gbé jáde) bá lọ sílẹ̀ tí kò gòkè mọ́, P0131 ni. Wọn ò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn fún yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá rú mi lójú ni "méjèèjì" yẹn. Sẹ́ńsọ̀ kejì, èyí tó wà lẹ́yìn kátálísì, kátálísì ló ń ṣọ́. Mi ò rí ọ̀nà tó gbà dé inú ìwé owó yín.

Ọkọ̀ yín ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró. Gbólóhùn yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú nínú gbogbo àlàyé yín, torí ó jọ pé atẹ́gùn ń gba ibòmíràn wọlé, lẹ́yìn ibi tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn (MAF la máa ń pè é) ti lè rí i. Ẹ wá rewáyà tó ní skánà tó ń gbé àwọn nọ́ńbà jáde bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó ń ka kóòdù nìkan. Kó ṣí ibi tí wọ́n kọ fuel trim sí, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò. Kó kà á nígbà tí ẹ́ńjìnì rọra ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kó wá tẹ ẹ́ dé 2,500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kó tún un kà. Bó bá ga lórí ìdúró, tó wá já wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òdo nígbà tó tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn ló ń jò wọlé. Bó bá jẹ́ pé bí ọkọ̀ ṣe ń fagbára sí i ló ń ga sí i, kí wọ́n wo pọ́ńpù epo, fílítà epo, tàbí MAF tí ìdọ̀tí ti bò. Àyẹ̀wò yìí ò gba nǹkan kan ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó gba ₦45,000 lọ́wọ́ yín yẹ kó ti ṣe é.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ní fún yín: 31,000 lẹ wà. Sábísì 30,000 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nìyẹn. Ta ló ṣe é? Ta ló ṣí ilé fílítà atẹ́gùn?

* * *

Lórí epo burúkú

Lẹ́yìn ìdáhùn yẹn, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kọ̀wé sí mi. Àwọn tó gba ti ilé iṣẹ́ náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀gbọ́n wa láti Mọ́níyà ní ká má da ẹ̀bi ru ẹni tó ta ọkọ̀, pé epo tí wọ́n ń tà fún wa ló ń pa gbogbo ọkọ̀, pé òun fúnra òun rí i ní ọdún 2022.

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà wà ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Oṣù kejì ọdún 2022 ló hàn síta pé wọ́n ti kó pẹtiróòlù tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọlé, gbogbo ìlú sì tò sórí ìlà epo. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé epo burúkú ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí methanol ń ṣe. Ó ní oxygen nínú ara rẹ̀. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó ń fẹ́ jẹ́ bíi 6.4 sí 1 péré. Tí ẹ bá pò ó mọ́ pẹtiróòlù, brain box tó ń pín epo bíi pé pẹtiróòlù gidi ni á rí i pé kò tó, á sì máa fi kún un. Sẹ́ńsọ̀ tó pé, tí ara rẹ̀ le koko, lè gbé P0171 jáde báyìí láìsí pé nǹkan kan ṣe é. Tí ẹ bá fa epo náà jáde, tí ẹ bu èyí tó dáa sí i, ọ̀rọ̀ tán.

Nítorí náà ìtàn méjì ni "epo burúkú ni" àti "sẹ́ńsọ̀ ti kú." Bó bá jẹ́ ti epo, kí wọ́n fa epo jáde kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ta sẹ́ńsọ̀? Bó bá jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀, kí wọ́n fi hàn wá pé ó kú, kí wọ́n tún fi hàn wá ohun tó pa á.

Àwọn ohun tó ń pa sẹ́ńsọ̀ oxygen ní tòótọ́ ò ṣòro mọ̀. Epo tó ní òjé nínú ń pa á. Gọ́ọ̀mù silikóònì tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì, tí mẹkáníìkì fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì, ń pa á. Omi rédíétọ̀ tó ń jò wọ ibi tí epo ti ń jó ń pa á, òróró ẹ́ńjìnì tó ń jó náà sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń fi àmì sílẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì àti lórí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀: funfun bí ẹfun, tàbí dúdú tó ń yọ̀. Ṣé wọ́n tú sẹ́ńsọ̀ jáde hàn yín, Àǹtí? Ṣé wọ́n tú púlọ́ọ̀gì? Ṣé wọ́n bu epo yín sínú ìgò? Bí wọn ò bá ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀, ẹnu lásán ni.

Ẹnì kan tún ní ká máa tọ́jú rísíìtì gbogbo epo tí a bá rà. Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Ẹ wá ń gba rísíìtì lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta epo ní Ìwó Road láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn hóònù.

* * *

"Ẹ kó gbogbo sẹ́ńsọ̀ dànù, kẹ́ ẹ sinmi"

Bọ̀dá tó kọ̀wé láti Ṣàngó ní òun kì í fi àkókò ṣòfò, pé bí iná bá ti tàn, òun á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ oxygen, MAF, crank àti cam (àwọn tó ń wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó oníbàárà ni wọ́n ń fi kọ́ṣẹ́.

Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá bá mi. Tó bá ti gbóná lójú ọ̀nà Èkó, ó kú nìyẹn, àfi kó dúró fún bíi wákàtí kan kó tó dìde. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ pọ́ńpù epo, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, wọ́n sì ti ń bá a ná owó brain box. Kò sí kóòdù kankan nínú rẹ̀. Mo so skánà mọ́ ọn, a fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí tó fi gbóná tó sì kú. Mo ní kó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì ń yí, a ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n rpm lójú skánà wà ní òdo. Sẹ́ńsọ̀ crank nìyẹn tàbí wáyà rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn. Mo yẹ wáyà wò láti ẹnu sẹ́ńsọ̀ dé brain box, ó pé. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo la rà, ọkọ̀ sì dìde.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé nígbà yẹn sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Mi ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kì í kú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kan hàn ẹ́ tó sọ pé ó ti kú.

Àwọn ọmọ rewáyà tó ń lo mítà náà, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n kọ́ yín pé oxygen sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré láàárín 0.1 àti 0.9 fóòtì, òótọ́ sì ni fún ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí, irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní air-fuel sensor ló wà níwájú kátálísì wọn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bíi 3.3 fóòtì ló máa ń wà nígbà tí epo àti atẹ́gùn bá bára mu, kì í sì í sáré sókè sáré sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan tó wò ó, tó ní "kò mí mọ́, ó ti kú," tó sì sọ ojúlówó sínú garawa.

Ti bẹ́líjíọ̀mù ńkọ́? Èmi kì í sọ̀rọ̀ Ararọ̀mí láìdáa, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo lè ra throttle body (ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) níbẹ̀ kí n sì sùn dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ oxygen àti ti crank ni mi ò ní rà ní bẹ́líjíọ̀mù, torí ooru ẹ́ńjìnì ló ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì mọ iye tó ti rìn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àyédèrú tuntun tó wà nínú páálí ojúlówó tún wà ńbẹ̀. Ẹ bá ẹni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá a padà rà á.

* * *

Sí ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀

Ọ̀gá kan bínú sí mi. Ó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, pé skánà àwọn ju ti gbogbo wa lọ, pé àwa rewáyà ìta ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ kí oníbàárà tó gbé e wá.

Ẹ kú ìbínú, sà. Ó dá mi lójú pé skánà yín ju tèmi lọ, ó lè kọ ètò tuntun sínú brain box, tèmi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi náà ti wọ ẹ̀wù búlúù yẹn rí kí n tó dá dúró, mo mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn dígí. Nígbà tí oníbàárà bá sanwó fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ gba owó iṣẹ́ tó bá wù ú. Nígbà tó bá jẹ́ wáráńtì, ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló máa san án padà, ó sì ní wákàtí tó ti là sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lè ní kí wọ́n tọ́jú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n tú kúrò kóun wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àkọsílẹ̀ ò bá kún, ó lè kọ̀ ọ́, gbèsè á sì wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀.

Ẹ wá fi ara yín sí ipò ẹni tó jókòó nídìí tábìlì. Tó bá gbà á sí wáráńtì, iṣẹ́ ìwé ni, ìfòyà ni, owó kékeré ni. Tó bá ní "epo burúkú," ₦760,000 ni. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo kàn ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti dẹ̀ fún wọn.

Ìyẹn náà ló fà á tí mo fi ń sọ pé kí oníbàárà má jà pẹ̀lú ariwo. Ariwo rọrùn fún wọn. Ohun tó ń nini lára ni ìbéèrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn lórí ìwé, torí ìwé yẹn lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọkọ̀.

* * *

Òfin Amẹ́ríkà kọ́ ló ń gbéjọ́ ní Ìbàdàn

Ẹnì kan ní kí Àǹtí sọ fún wọn pé òfin Magnuson-Moss kò jẹ́ kí wọ́n fagi lé wáráńtì torí pé mẹkáníìkì ìta ṣe sábísì. Òfin gidi ni, ọdún 1975 ni wọ́n ṣe é, àmọ́ Amẹ́ríkà ni. Tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ nídìí tábìlì ní Ring Road, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín. Bákan náà ni ti ẹni tó ra tòkunbọ̀ tó ń béèrè bóyá wáráńtì ọdún mẹ́jọ tàbí 80,000 máìlì tí wọ́n ń fún kátálísì àti brain box lọ́hùn-ún lè kàn òun níbí. Rárá o.

Èyí tó wà fún wa ni òfin tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ọdún 2018, tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀. Ó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, láti gba àlàyé ní èdè tó yé e, àti láti gba iṣẹ́ tó dáa fún owó tó san. Bí iṣẹ́ ò bá dáa, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó rẹ̀ padà. Ẹ di ìyẹn mú. Kí ẹ sì ka ìwé wáráńtì yín fúnra yín, títí kan lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ wà. Bí wọ́n bá kọ epo burúkú síbẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ló kù kó fi ẹ̀rí hàn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀

Ọ̀rọ̀ thermostat, ìyẹn fáàfù tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dé ibi tó yẹ, ti gba àyè tó pọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ sí mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló gbà pé ìlú ooru ni tiwa, ẹ́ńjìnì ò nílò thermostat, wọ́n á yọ ọ́ sọ nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá gbóná. Ohun tó ń tẹ̀lé e ni P0128: brain box rí i pé ẹ́ńjìnì ò tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi gbígbóná, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, epo á sì máa lọ bí omi. Ẹ dá thermostat padà síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú wáráńtì tó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fún wọn ní ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi gé wáráńtì náà.

Bó bá ṣe pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ omi gbígbóná pé, ẹ má náwó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà omi àti nọ́ńbà atẹ́gùn tó ń wọlé lójú skánà. Ó yẹ kí méjèèjì sún mọ́ra, kí wọ́n sì sún mọ́ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bíi 25°C ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ní Ìbàdàn. Bí ọ̀kan bá ní 25, tí èkejì ní 60, ẹ ti rí òpùrọ́. Bó bá ní −40, wáyà ti já tàbí ẹnu rẹ̀ ti yọ, torí iye yẹn ló máa ń hàn bí kò bá sí ohunkóhun lẹ́nu wáyà. Kò sí ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ti P0420, kóòdù tó ń sọ pé kátálísì ò ṣiṣẹ́ tó, kí n má fi yín ṣeré: ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá kátálísì ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń tú u tà.

Eku náà ńkọ́? Ẹni tó ní eku jẹ wáyà MAF òun ní Ẹlẹ́yẹlé, mo bá a kẹ́dùn. Mi ò tíì rí wáráńtì tó gba ẹjọ́ eku.

Fún ẹni tó ń béèrè irú skánà tí òun lè rà: ELM327 kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó fún onílé. Ihò onípin 16 tó wà lábẹ́ ìdarí ló ń wọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní i, àwọn onípẹtiróòlù ti Yúróòpù láti 2001. Kò ní tún ọkọ̀ yín ṣe, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ kóòdù yín kẹ́ ẹ tó débi tí wọ́n ti fẹ́ kà á fún yín.

* * *

Owó àyẹ̀wò

Ibí ni èmi àti ọ̀pọ̀ yín ò ti lè fẹnu kò. Ẹ ní kò yẹ kí ilé iṣẹ́ gba owó àyẹ̀wò rárá lórí ọkọ̀ tó wà nínú wáráńtì. Èmi ní ó lè gbà á, bó bá sọ fún yín ṣáájú, tí àyẹ̀wò náà sì fi hàn pé ohun tó ṣe é ò sí lára wáráńtì. Àyẹ̀wò gidi jẹ́ iṣẹ́. Mo ń gba owó tèmi náà. Ṣùgbọ́n kíka kóòdù kì í ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Àǹtí lè fi fóònù kà á. Ẹni tó bá gba owó àyẹ̀wò jẹ yín ní ìwé tó sọ ohun tó wọ̀n, iye tó rí àti iye tó yẹ kó rí.

Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ò ní jáde àfi kẹ́ ẹ san, ẹ san án, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára rísíìtì tiwọn kí wọ́n tó fà á ya: "Mo san án, mi ò gbà pé ó tọ́." Kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn náà, lẹ́tà. Kò nílò kó gùn. Ohun tí mo máa kọ bó bá jẹ́ èmi nìyí, ẹ lè sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún wọn:

"Ẹ sọ fún mi pé sẹ́ńsọ̀ oxygen méjèèjì ti kú àti pé epo ló pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀dà jọ́ọ̀bù káàdì mi, kóòdù tí ẹ rí, àti àwọn nọ́ńbà tí brain box fi pamọ́ lákòókò tí iná tàn. Ẹ sọ iye fuel trim lórí ìdúró àti ní 2,500 rpm. Ẹ sọ àyẹ̀wò tí ẹ ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan àti èyí tí ẹ ṣe fún epo. Ẹ tọ́ka sí ìlà inú ìwé wáráńtì tí ẹ fi kọ̀ mí. Mo ń fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí aṣojú ẹni tó ṣe ọkọ̀."

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí "mo máa pe lọ́yà." Kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù náà rẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, àwọn nọ́ńbà tí brain box fi pamọ́ á bá a lọ, ẹ̀rí yín nìyẹn.

* * *

Àǹtí padà wá

Ó ní òun mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan ní Bódìjà. Fuel trim wà ní +22 lórí ìdúró, ó já sí +4 nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tọ rọ́bà atẹ́gùn láti MAF dé throttle body, wọ́n rí i pé irin tó dì í mú ò fún rárá, wọ́n lè fi ìka méjì yí i. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó de irin náà le. Ọkọ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó ní sábísì 30,000 yẹn, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, òǹtẹ̀ wọn wà nínú ìwé sábísì. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n ní kó máa bọ̀, àwọn máa "ràn án lọ́wọ́," àwọn á yẹ ọkọ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ₦45,000 ò ní padà, kó sì wá buwọ́ lu ìwé kan pé òun ò ní ẹ̀sùn mọ́.

Ẹ kú oríire, Àǹtí. Ẹ má buwọ́ lu ìwé yẹn.

Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáráńtì mọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ yín. Sábísì tí ẹ sanwó rẹ̀ ni wọn ò ṣe dáadáa, wọ́n wá gba owó lọ́wọ́ yín láti wo àṣìṣe ara wọn, wọn ò sì rí i. Ibí gan-an ni òfin 2018 yẹn ti wúlò fún yín, nítorí kò sí epo tó lè tú irin rọ́bà. Ẹ kọ lẹ́tà kejì, kó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ so fọ́tò àti ojú ewé sábísì mọ́ ọn. Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìkíní, ₦45,000 yín. Èkejì ṣe pàtàkì sí mi ju owó lọ: kí wọ́n kọ ọ́ sínú jọ́ọ̀bù káàdì yín pé irin rọ́bà atẹ́gùn ò fún lẹ́yìn sábísì 30,000, pé kò sí sẹ́ńsọ̀ tó kú. Bí ìyẹn ò bá sí nínú àkọsílẹ̀, "oníbàárà kọ̀ láti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjì" ló máa wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí kátálísì bá ní àìsàn ní 70,000, òun ni wọ́n máa kà sí yín létí.

Ẹnì kan ti ń sọ pé kó gba àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ náà kí àlàáfíà lè wà. Kó gbà á, kò burú. Ìbuwọ́lùwé ni mo ní kó má ṣe.

Bí wọ́n bá ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ò sí lọ́fíìsì, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa wà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, FCCPC ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: lẹ́tà méjèèjì, fọ́tò, rísíìtì ₦45,000 àti ojú ewé tí òǹtẹ̀ wọn wà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún mẹkáníìkì àdúgbò yín pé kó má lọ sí Ararọ̀mí mọ́.